Ìtàn Owó Adójútòfò Alùpùpù àti Ọ̀rọ̀ Ìgbẹ́kẹ̀lé

Nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí, a ti mọ́ wa lára láti máa ka ìtàn bí àwọn baba ńlá wa ti tẹ ìlú dó, ìtàn oyè, ìtàn ogun, àti ìtàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Lọ́tẹ̀ yìí mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn mìíràn wò, èyí tí kò dàgbà tó àwọn wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n tí ó ń ti ọwọ́ bọ àpò púpọ̀ nínú wa lọ́dọọdún. Ìtàn owó tí a ń san fún àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò nítorí alùpùpù ni mo ní lọ́kàn.

Ẹni tí ń gun ọ̀kadà nílé ń kùn pé owó ìwé náà ti gòkè, àti pé òun kò tí ì rí ẹni kan tí ó gba kọ́bọ̀ padà rí nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa tí ń fi alùpùpù kékeré gbé oúnjẹ kiri ìgboro London ń ráhùn pé iye tí a ní kí òun san lọ́dún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí òun fi ra alùpùpù náà. Ìbéèrè àwọn méjèèjì kò yàtọ̀: kí ni ó dé tí owó náà ń gòkè, ǹjẹ́ àwọn tí ń gbà á sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé? A kò lè dá ìbéèrè yìí lóhùn dáadáa bí a kò bá mọ bí nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀.

1. Kí ni à ń pè ní adójútòfò?

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀: ohun tí ó ń dójú ti òfò ni. Kò lè ní kí òfò má ṣe wá, nítorí kò sí ẹni tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfò bá dé, kì yóò lè sọ olúwa rẹ̀ di alágbe. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀la lè yàtọ̀ sí òní ni ó ń múra sílẹ̀ de ọ̀la.

Àwọn baba wa kò ṣe aláìmọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àáró, nínú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń bá ara wọn ro oko ní ìtòlé-ǹ-tòlé. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀, nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pé jọ láti bá ẹnì kan kọ́lé tàbí láti bá a bo ilé tí iná jó. Wọ́n ní èsúsú, nínú èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ ń dá owó, tí ẹnì kan ń kó o lẹ́ẹ̀kan, títí tí yóò fi kárí. Ìpìlẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí: ohun tí yóò wó ẹnì kan mọ́lẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pawọ́ pọ̀ gbé e, yóò fúyẹ́.

Ìyàtọ̀ kan ni ó wà, ìyàtọ̀ náà sì ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Nínú èsúsú, ojú mọ ojú. A mọ ilé olórí èsúsú, a mọ baba rẹ̀, a mọ ìyàwó rẹ̀. Bí ó bá kó owó jẹ, kò ní ibi tí yóò sá sí láàárín ìlú. Nínú adójútòfò, ojú kò mọ ojú. Ẹni tí ó wà ní Ṣakí ń san owó tirẹ̀, ẹni tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ń san tirẹ̀, wọn kò sì ní pàdé láéláé. Ní ìdákejì, èsúsú ń dá owó ẹni padà dandan. Ṣùgbọ́n adójútòfò kì í san owó bí kò ṣe fún ẹni tí òfò bá bá. Ẹni tí kò rí òfò ní ọdún yẹn ti fi owó tirẹ̀ gbé ẹni tí ó rí i dìde. Nítorí náà, ìwé àdéhùn àti òfin ìjọba ni ó dúró ní ipò tí ìtìjú àti ìbátan dúró sí nínú èsúsú. Níbi tí òfin bá ti rọ, ìgbẹ́kẹ̀lé a máa rọ pẹ̀lú.

2. Bí òfin ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin tí ó kàn wá yìí ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, mọ́tò àti alùpùpù pọ̀ ní ojú títì wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, ikú sì pọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1930 nìkan, ó ju 7,000 ènìyàn lọ tí ọkọ̀ pa ní ilẹ̀ náà. Ohun tí ó tún burú ni pé bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn, tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò sì ní owó lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ lè dá a lẹ́bi títí, ẹni tí ó fara pa kò ní rí nǹkan kan gbà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe Òfin Ìrìnnà Ojú Ọ̀nà ti ọdún 1930, tí ó pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ tàbí alùpùpù jáde sí títì láìní ìwé adójútòfò nítorí ẹnìkẹta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1931 ni àṣẹ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ta ni ẹnìkẹta yìí? Ẹni kìíní ni ẹni tí ó ni ọkọ̀. Ẹni kejì ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹni kẹta ni ẹni tí ń lọ jẹ́jẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ọkọ̀ wá kọ lù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àìmọ̀ rẹ̀ ni ó ń fa ìjà jùlọ. Ìwé ẹnìkẹta kò ní tún alùpùpù rẹ ṣe, kò sì ní san owó ilé ìwòsàn rẹ bí ìwọ fúnra rẹ bá ṣubú. Ẹni tí o ṣe léṣe ni a ṣe é fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a tún tirẹ̀ náà ṣe, ìwé mìíràn tí owó rẹ̀ wọ́n ju èyí lọ ni yóò rà.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe aṣojú fún àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí ó wà ní London. Ní ọdún 1921 ni Royal Exchange Assurance ṣí ẹ̀ka tirẹ̀ sí Èkó. Ẹrù ọkọ̀ òkun àti ilé ìkẹ́rùsí àwọn òyìnbó ni wọ́n ń dáàbò bò nígbà náà. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ kò kàn wọ́n. Ọdún 1945 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin tiwa lórí ẹnìkẹta, ní àwòkọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1950 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn òmìnira, ní ọdún 1961, a ṣe òfin àkọ́kọ́ tí yóò máa ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n ka àwọn ọdún wọ̀nyí. Àṣẹ tí ó ní kí a máa ra ìwé ti wà ní ìwé láti 1945. Òfin tí ó ní kí a máa ṣọ́ ẹni tí ń tà á kò dé títí di 1961. A ti kọ́kọ́ di dandan fún olùrà kí a tó di dandan fún olùtà. Bí àwọn ènìyàn wa bá wá ń wo ìwé náà bí owó orí tí ìjọba ń gbà, tí wọn kò wò ó bí ààbò, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu.

3. Bí alùpùpù ṣe di ti gbogbo ayé

Ní ìgbà èwe àwọn baba wa, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni ọkọ̀ tíṣà àti ti wòléwòlé. Ẹni tí ó bá ní alùpùpù ní ìgbà náà kì í ṣe ẹni kékeré: àlùfáà, olùkọ́ àgbà, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́, tàbí olówó kòkó. Lẹ́yìn náà ni Vespa àti Honda àti Suzuki dé, tí àwọn olùkọ́ fi ń lọ láti abúlé dé abúlé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ìlú le ní àárín ọdún 1980 sí 1990, tí iṣẹ́ kò sí, tí ọkọ̀ sì wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi alùpùpù gbé èrò. Àwọn ènìyàn fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air sọ ọ́ ní ọ̀kadà, nítorí eré tí ó ń sá.

Láti ìgbà náà ni alùpùpù ti kúrò ní ohun tí olóye ń gùn lọ síbi iṣẹ́, tí ó di iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbìyànjú láti dín in kù. Ní oṣù kejì ọdún 2020 àti ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ó fi òfin dè é ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, nínú èyí tí Ìkẹjà àti Súrùlérè wà. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú bíi tiwa, alùpùpù ni ó ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, òun ni ó ń gbé iṣu wá láti oko, òun náà ni ó ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò báyìí, gbogbo ènìyàn ni ewu rẹ̀ kàn: ẹni tí ń gùn ún, ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn, àti ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀bá ọ̀nà.

4. Ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ta ọjà pọ́ọ́kú

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ wọ́n ni olè, àti pé èyí tí owó rẹ̀ rọjú ni ọ̀rẹ́ mẹ̀kúnnù. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1963 sí 1971 fi yé wa pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ní ọdún 1963, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Emil Savundra, ẹni tí a bí ní Ceylon, èyí tí ó ń jẹ́ Sri Lanka lónìí, dá ilé-iṣẹ́ adójútòfò mọ́tò kan sílẹ̀ ní London. Orúkọ rẹ̀ ni Fire, Auto and Marine. Iye tí ó ń gbà kéré gan-an sí iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ń gbà, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Owó tuntun tí ń wọlé ni ó fi ń san òfò àtijọ́, ó sì ń ná èyí tí ó kù fún ìgbádùn ara rẹ̀. Àwọn ìwé tí ó fi hàn pé ilé-iṣẹ́ náà ní dúkìá jẹ́ ayédèrú. Ní ọdún 1966 ilé-iṣẹ́ náà dojú dé, nǹkan bíi 400,000 onímọ́tò sì di ẹni tí kò ní ààbò mọ́ lójijì. Ní ọdún 1968 ni ilé ẹjọ́ rán Savundra lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀wọ̀n náà tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kò san owó ilé ìwòsàn fún ẹnikẹ́ni.

Ènìyàn lè rò pé ẹ̀kọ́ yìí yóò tó wọn. Kò tó wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1971, ilé-iṣẹ́ mìíràn tí à ń pè ní Vehicle and General tún ṣubú. Èyí tóbi ju ti ìṣáájú lọ, nítorí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan onímọ́tò ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Iye tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà kò tó láti san òfò tí ń bọ̀. Nígbà tí a ṣe ìwádìí, a rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ kò ṣe ojúṣe wọn bí ó ti yẹ. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹni tí ó bá ta ọbẹ̀ ẹlẹ́ran púpọ̀ ní owó ọbẹ̀ lásán, ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti rí ẹran.

Láti inú ìjàǹbá yìí ni ohun rere kan ti jáde. Ní ọdún 1975, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin láti dáàbò bo àwọn oníbàárà, pé bí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan bá wó, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù yóò dá owó jọ láti fi san gbèsè tí ó jẹ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ṣáájú èyí, láti ọdún 1946, wọ́n ti ní àjọ kan, Motor Insurers' Bureau, tí ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ tí kò ní ìwé bá gbá. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí a rí nínú àwọn ìlú òkèèrè kò jábọ́ láti ọ̀run. Òfò ni ó kọ́ wọn, òfin ni wọ́n sì fi gbé e ró.

5. Kí ni ó dé tí owó náà ń gòkè?

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Òfin Adójútòfò ti ọdún 2003 fi ₦1,000,000 ṣe ìwọ̀n ààbò fún dúkìá ẹnìkẹta tí ọkọ̀ bá bà jẹ́. Ní ọdún náà, nǹkan bíi ₦130 ni à ń fi ra dọ́là kan. Nígbà tí ọdún 2022 fi ń parí, dọ́là kan ti kọjá ₦440 ní iye tí ìjọba pàápàá ń tà á. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a fi owó díẹ̀ rà ní 2003 ti di ohun tí à ń fi owó oṣù rà. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń san ₦5,000 fún ìwé ẹnìkẹta ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìyípadà.

Ní òpin oṣù kejìlá ọdún 2022, àjọ NAICOM, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kéde iye tuntun, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni di ₦15,000, pẹ̀lú ààbò dúkìá ẹnìkẹta tí ó tó ₦3,000,000. Ọkọ̀ akẹ́rù ti òwò di ₦100,000, pẹ̀lú ààbò ₦5,000,000. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta di ₦5,000, pẹ̀lú ààbò ₦2,000,000. Alùpùpù di ₦3,000, pẹ̀lú ààbò ₦1,000,000.

Ariwo ta, ó sì ní ìdí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì láàárín ìkéde àti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní àkókò tí Kérésìmesì ti gbọ́n àpò àwọn ènìyàn gbẹ. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí ará ìlú gba ohun tuntun, ó yẹ kí ó fún wọn ní àyè láti gbọ́ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a ti wí èyí, ẹ jẹ́ kí a mú ṣíṣírò tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ jáde.

Bí a bá pín ₦3,000 sí ọjọ́ 365, kò tó ₦9 lójúmọ́. Bí alùpùpù kan bá sì ba dúkìá tí ó tó ₦1,000,000 jẹ́, owó ọdún kan ti alùpùpù 333 ni yóò bá a lọ, yóò sì tún ku ₦1,000 kí ó tó pé. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, 200 ni yóò san ₦3,000,000 tán. Ti ọkọ̀ akẹ́rù, 50 péré ni yóò san ₦5,000,000. Èyí fi hàn pé owó tí a bu lé ọlọ́kadà kò wúwo bí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ti ọkọ̀ akẹ́rù, bí a bá fi wé ààbò tí a ṣèlérí fún un. A kò sì tí ì ka owó alágbàtà, owó ìwé, àti owó òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ jáde láti inú ₦3,000 kan náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí mìíràn ni ó wà. Kò sí òpin sí iye tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè san níbẹ̀ bí ènìyàn bá fara pa; bí ọmọdé kan bá yarọ, a lè ní láti máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó. Ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun alùpùpù, tí ó ń gbé ní àárín ìlú tí olè pọ̀ sí, òun ni wọ́n ń bu owó lé jùlọ. Lẹ́yìn èyí, ìjọba ń gba owó orí tirẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí owó orí náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, £2.50 ni lórí £100. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ó di £12. Gbogbo ohun tí ó gòkè kọ́ ni ó wọ àpò ilé-iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò mọ́ tónítóní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń fi owó kékeré fa oníbàárà tuntun, tí wọ́n sì ń fi díẹ̀díẹ̀ gbé owó lé orí oníbàárà àtijọ́ tí kò bínú kúrò lọ́dọ̀ wọn. Olóòótọ́ ni ó ń san gbèsè àlejò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022 ni àjọ Financial Conduct Authority ti fi òfin de àṣà yìí lórí ìwé ilé àti ti ọkọ̀, alùpùpù pẹ̀lú, pé iye tí wọn yóò ní kí ẹni àtijọ́ fi tún ìwé rẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ ju èyí tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun.

6. Ǹjẹ́ wọ́n ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Àìgbẹ́kẹ̀lé àwọn ènìyàn wa ní orísun. Ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń rà ní ẹ̀bá ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ni ó jẹ́ ayédèrú, tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó rà á mọ̀ pé nítorí ọlọ́pàá ni òun ṣe rà á. Ẹni tí ó tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí alùpùpù bá kán ìyá oníyá lẹ́sẹ̀, ìwé yẹn kò wúlò ju èyí tí a fi ń pọ́n ẹ̀pà lọ. Ilé àti oko ọlọ́kadà ni a ó tà, bí ó bá ní in. Bí kò bá ní, ìyà ìyá náà ni yóò jẹ́.

Ní ìhà kejì, àwọn ilé-iṣẹ́ tòótọ́ wà tí wọ́n ń fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la bí a bá béèrè owó òfò, tí wọ́n ń béèrè ìwé lórí ìwé títí tí ẹni tí òfò bá yóò fi rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn kò ní owó tí ó tó. Nítorí èyí ni ìjọba ṣe pàṣẹ ní ọdún 2005 pé kí wọ́n mú owó ìdókòwò wọn gbilẹ̀. Nígbà tí àkókò náà parí ní 2007, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ti dín kù sí 49.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni NAICOM sì ti ń tẹnu mọ́ ohun tí òfin 2003 wí, pé bí owó kò bá wọlé, kò sí ààbò. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn ènìyàn ń gba ìwé ní àwìn, ilé-iṣẹ́ náà sì ń gbé òfò ní àwìn. Àwìn méjì kò lè bí owó.

Àwọn ọlọ́pàá kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí wo ìwé ẹnìkẹta lójú ọ̀nà káàkiri. Ní ọdún kan náà ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí Òfin Àtúnṣe Iṣẹ́ Adójútòfò, tí ó rọ́pò òfin 2003. Òfin yìí ní kí ilé-iṣẹ́ tí ń dáàbò bo ọkọ̀ àti dúkìá ní owó ìdókòwò tí kò dín ní bílíọ̀nù náírà 15. Tí ó bá jẹ́ ti ẹ̀mí, bílíọ̀nù 10. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jùlọ nínú rẹ̀ ni pé ó dá àpò owó kan sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn oníbàárà bí ilé-iṣẹ́ wọn bá wó. Ẹ rántí pé ọdún 1975 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú rẹ̀. Ó gbà wá ní àádọ́ta ọdún gbáko kí a tó bá wọn níbẹ̀.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè náà ni èyí: kò yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ kan nítorí orúkọ rẹ̀, tàbí nítorí ọ̀rọ̀ dídùn ẹnu aṣojú rẹ̀. Ohun tí a lè yẹ̀ wò ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé: ìwé tí a kà, owó tí a san ní gbangba, àti òfin tí ẹnì kan ń mú ṣẹ. Baba wa kò gbẹ́kẹ̀ lé olórí èsúsú ní afọ́jú. Wọ́n mọ ilé rẹ̀ ni.

7. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ìkíní, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe ra ìwé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo ìwé tòótọ́ ń wọ̀. Ẹni tí ó ní fóònù lè tẹ *565*11#, kí ó fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wò bóyá ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, kí ó tètè padà lọ bá ẹni tí ó tà á.

Ìkejì, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí a fi tó ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ náà létí kíákíá, kí a ya àwòrán, kí a gba orúkọ ẹlẹ́rìí, kí a sì pa gbogbo ìwé owó ilé ìwòsàn mọ́. Ọ̀pọ̀ owó gbà-má-bínú ni ó ń ṣòfò nítorí pé a parí ọ̀rọ̀ sábẹ́ igi lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí a ṣe léṣe náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé, "Ilé-iṣẹ́ wo ni ó wà lẹ́yìn alùpùpù yìí?"

Ìkẹta, bí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ̀ láti sanwó láìnídìí, kí a kọ̀wé sí NAICOM, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ̀yin ọmọ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣọ́ra. Ìwé tí a rà fún ìrìn àjò ti ara ẹni kò bo ẹni tí ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ gba owó. Ìwé ti iṣẹ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ rà, kí ẹ sì sọ òótọ́ nípa ibi tí ẹ ń gbé àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Àwọn gbájú-ẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ ayélujára tí ń ta ìwé pọ́ọ́kú fún àlejò. Ọmọ Savundra ni gbogbo wọn, bí wọn kò tilẹ̀ bá a tan.

Ìkarùn-ún, mo fi àbá kan síwájú ẹgbẹ́ wa. Àwọn ọlọ́kadà ìlú wa ní ẹgbẹ́. Àwọn olùkọ́ wa ní ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú bá lè yan ènìyàn mẹ́ta tí ó mọ̀wé, tí wọn yóò máa yẹ ilé-iṣẹ́ wò, tí wọn yóò bá a dúnàádúrà fún gbogbo wa lápapọ̀, tí wọn yóò sì tẹ̀ lé ẹni tí òfò bá lọ síbẹ̀ títí yóò fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò ní lè fi wá ṣeré. Ohùn ẹnì kan kì í dé òkè ilé alájà púpọ̀, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Báyìí ni a ó ṣe mú ojú-mọ-ojú ti èsúsú wọ inú ètò tí ojú kò ti mọ ojú.

Owó yóò tún gòkè lọ́jọ́ iwájú. Kò sí bí náírà ṣe ń rí tí kò ní gòkè. Ìgbà tí ó bá gòkè, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun mẹ́ta kí a tó pariwo: ṣé ààbò náà gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ta ni ó ń ṣọ́ ẹni tí ń gbà á, ǹjẹ́ ẹnì kan láàárín wa sì ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti inú rẹ̀? Bí ìdáhùn bá dára, kí a san án pẹ̀lú ìdùnnú. Bí kò bá dára, kí gbogbo wa jọ dìde béèrè.

Kí òfò má ṣe wọlé tọ̀ wá o. Ire gbogbo fún ìlú wa àti fún gbogbo ọmọ rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá wà.